Ṣé O Mọ̀? Àpò Láílọ́ọ̀nù Tó Ń Fi Áísìn Yàwòrán Sórí Bísíkíìtì

Ṣé o mọ̀ pé àpò láílọ́ọ̀nù tí àwọn oníbísíkíìtì fi ń tẹ áísìn, èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á sì jù nù, èèṣì ló bí i?

Èèṣì ni o! Kì í tún ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Ní ọdún 1898, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Hans von Pechmann ń ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú yàrá ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàdédé rí nǹkan funfun kan tó dà bí ìda. Kì í ṣe òun ló ń wá. Ó gbé e tì.

Ọdún 35 kọjá.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1933, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ń fún gáàsì pọ̀ nínú irin alágbára kan ní iléeṣẹ́ ICI, ní Northwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ipá tí wọ́n fi fún un ju ipá afẹ́fẹ́ tó wà lára wa lọ ní ìlọ́po 1,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣí irin náà wò. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ìda funfun yẹn náà ni!

Polyethylene nìyẹn. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àpò áísìn àlòjùnù tí ò ń rí lónìí.

Má tíì lọ. Ó tún kù.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àṣírí ogun ni láílọ́ọ̀nù yìí jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni wọ́n fi ń bo wáyà ẹ̀rọ rédà tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ òfurufú ogun. Láílọ́ọ̀nù tí ò ń fi sísọ́ọ̀sì gé lẹ́nu yìí ti fò lójú ọ̀run rí, ó ń wá ọ̀tá kiri nínú òkùnkùn!

Áísìn wá ńkọ́ nígbà ogun náà? Wọ́n fòfin dè é!

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1940, ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ fi ṣúgà bo ara kéèkì mọ́ lẹ́yìn tó bá ti jinná. Ṣúgà ti di ohun ọ̀wọ́n. Ṣé o mọ ohun tí àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà ṣe? Páálí! Wọ́n fi páálí funfun kọ́ kéèkì alájà púpọ̀, wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì gbé e lé orí kéèkì kékeré kan. Wọ́n ya fọ́tò tán, wọ́n ṣí páálí kúrò, wọ́n pín kéèkì bíńtín tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Tún un rò wò o. Nígbà ogun kan ṣoṣo yẹn, láílọ́ọ̀nù tó máa di àpò áísìn wà lójú ogun, áísìn tó máa wọ inú rẹ̀ sì ti di ohun tí wọ́n fòfin dè.

Lónìí, polyethylene tí wọ́n ń ṣe kárí ayé lọ́dún kan ju 100 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ. Tọ́ọ̀nù ni mo wí o, kì í ṣe kílò.

Jẹ́ ká gbé àpò náà wò fúnra rẹ̀. Sún mọ́ mi.

Ṣé o mọ̀ pé kò pọn dandan kí o fi nọ́sù irin sí i lẹ́nu? Sísọ́ọ̀sì mímú nìkan tó. Gé ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀ bíńtín, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa jáde. Gé e sí i, ìlà náà á nípọn. Bí o bá gé e ní ìdagun, áísìn á máa lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Wá gé e kí ẹnu rẹ̀ rí bíi lẹ́tà V. Ewé ló máa jáde! Ewé tó ní iṣan láàárín, tó sì ṣe ṣóńṣó lórí. Kò sí irin níbẹ̀, kò sí mọ́ọ̀dù. Sísọ́ọ̀sì lásán ló ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́ta lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu àpò kan? Wé áísìn pupa sínú láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún funfun. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọ̀ ewé. Gé wọn lẹ́nu, kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan, kí o tẹ̀ ẹ́. Òdòdó aláwọ̀ mẹ́ta!

Èyí tún wá dára jù: bí o bá fi láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé áísìn kó tó wọnú àpò, àpò náà kì í dọ̀tí. O lè yọ ti àkọ́kọ́, kí o ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ní kí o lò lẹ́ẹ̀kan, o ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Láílọ́ọ̀nù ìbounjẹ náà ńkọ́? Èèṣì ló bí irú rẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú! Ralph Wiley, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fọ ìgò ní iléeṣẹ́ Dow Chemical ní Amẹ́ríkà, bá ìgò kan pàdé tó fọ̀ títí, tí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kò kúrò. Ohun tó kọ̀ tí kò kúrò yẹn ló di láílọ́ọ̀nù ìbounjẹ tí wọ́n ń pè ní Saran. Ọdún wo nìyẹn?

1933! Ọdún kan náà gan-an pẹ̀lú polyethylene!

Ṣé o mọ̀ pé kíkà ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń dán áísìn wò? Wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ìlà láàárín abọ́ áísìn, wọ́n á wá máa kà. Ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ìlà náà bá parẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 10, áísìn yẹn dára láti fi kún ojú bísíkíìtì. Bó bá tó 20 kó tó parẹ́, ó ti ki tó láti fi ya etí.

Omi tó wà láàárín méjèèjì kò tó nǹkan rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kán an sí i ní ẹ̀kán-ẹ̀kán.

Áísìn tó wà ní gbangba, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń yi. Èyí tó wà nínú àpò tí o dì lẹ́nu pinpin, ó ṣì rọ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé omi ló kó nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún funfun ẹyin tí wọ́n fi ń po áísìn? Ó kàn kù díẹ̀ kó jẹ́ omi lásán. Síbẹ̀, lù ú pọ̀ mọ́ ṣúgà lẹ́búlẹ́bú, fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀, ó ti le gan-gan.

Àmọ́ ọ̀tá kan ló ní. Òróró! Bọ́tà tó kù sára abọ́, tàbí pupa ẹyin tó já sí i, tó láti mú kí funfun ẹyin má hó mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi ọtí kíkan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ nu abọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí sì ni àpò àlòjùnù ti gba ipò iwájú lọ́wọ́ àpò aṣọ ayé àtijọ́. Àpò aṣọ tó ti gbé áísìn oníbọ́tà rí, bọ́tà á sá pamọ́ sínú ojú rírán rẹ̀. O fọ̀ ọ́, o sè é, o sá a, ọkàn rẹ kò tíì balẹ̀. Àpò àlòjùnù kò ní ìtàn kankan lára. O ya á kúrò lára àwọn yòókù, o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tí wọ́n bá tún sọ fún ọ pé áísìn jẹ́ nǹkan ìgbàlódé, fi wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ kí o wí fún wọn pé: 1769.

Ọdún yẹn ni Elizabeth Raffald, obìnrin kan ní Manchester, tẹ ìwé oúnjẹ rẹ̀ jáde. Áísìn kéèkì ìyàwó wà níbẹ̀. Ṣúgà tó sún mọ́ kílò kan. Sítáàṣì bíi gíráàmù 57. Funfun ẹyin márùn-ún. Ó ní kí o da funfun ẹyin náà sórí àwo, kí o wá fi ọ̀bẹ lù ú fún ìdajì wákàtí.

Ọ̀bẹ! Lórí àwo!

Kò tíì tán o. Ó ní kí o máa bu ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá wọlé tán, kí o tún lù ú fún ìdajì wákàtí mìíràn. Wákàtí kan gbáko, ọwọ́ kò gbọdọ̀ sinmi. Ìwọ tí o ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ, tí o ń wo fóònù rẹ títí yóò fi ṣetán, kí ìyá yìí!

Sítáàṣì tó fi sí i nígbà náà lọ́hùn-ún, wo ara páálí icing sugar rẹ: lọ́pọ̀ ìgbà, sítáàṣì àgbàdo ṣì wà níbẹ̀.

Obìnrin yìí kan náà ló ṣe ìwé àkọ́kọ́ tó to orúkọ àwọn oníṣòwò àti ará ìlú Manchester jọ, ní 1772. Ní 1773, ó ta ẹ̀tọ́ ìwé oúnjẹ rẹ̀ ní £1,400. Owó ńlá ńlá ni láyé ìgbà yẹn. Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an ni.

Kéèkì ìgbéyàwó Ọbabìnrin Victoria, ní 1840, wúwo tó nǹkan bíi kílò 136. Ẹ̀là kan nínú rẹ̀ wà títí di 2016! Wọ́n gbé e wá sí gbàǹjo, ẹnìkan sì san £1,500 lé e lórí. Kéèkì tó ti pé ọdún 176.

Ti Ọmọọba Charles àti Diana ńkọ́, ní 1981? Kéèkì tó lé ní ogún ni wọ́n ṣe. Ní 2021, ẹ̀là kan tí áísìn wà lórí rẹ̀ lọ ní £1,850. Áísìn ogójì ọdún!

Àwọ̀ wá kù. Ṣé o mọ̀ pé áísìn funfun kì í sábà funfun tó bí wọ́n ṣe fẹ́? Wọ́n á kán àwọ̀ àlùkò díẹ̀ sí i. Kó wá di àlùkò ni? Rárá o. Á funfun balau!

Pupa ńkọ́? Kòkòrò wà nínú àwọn kan. Kòkòrò gidi! Cochineal lorúkọ rẹ̀, ara igi cactus ló ń gbé, Peru ni wọ́n sì ti ń kó o jáde jù. Nǹkan bí 70,000 kòkòrò ni wọ́n ń lọ̀ kí wọ́n tó rí àwọ̀ tó tó gíráàmù 450. Bí o bá rí E120 lára ìgò àwọ̀ rẹ, òun nìyẹn.

Dúdú àti pupa tún máa ń dàgbà. Po wọn ní alẹ́, fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á ti ṣú sí i kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ojú ọjọ́ náà lọ́rọ̀ sọ. Nígbà ọyẹ́, ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, áísìn á gbẹ kíákíá. Nígbà òjò, omi kún inú afẹ́fẹ́, o lè dúró títí di ọjọ́ kejì. Kí ni àwọn oníbísíkíìtì fi ń borí rẹ̀? Fáànù! Wọ́n kọjú rẹ̀ sí tíréè bísíkíìtì. Áísìn tí fáànù fẹ́ sí máa ń dán ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lásán lọ.

Ó dáa, jẹ́ ká rìnrìn àjò díẹ̀.

Níbi àjọ̀dún Oktoberfest ní Munich, nílẹ̀ Jámánì, àwọn ènìyàn ń fi bísíkíìtì atalẹ̀ kọ́rùn. Ó rí bí ọkàn, okùn wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi áísìn kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i lójú. Àwọn mìíràn tóbi tó láti bo gbogbo àyà ẹni.

Ní àríwá Croatia, wọ́n máa ń kun bísíkíìtì tiwọn ní pupa rokoṣo, wọ́n á fi áísìn funfun tò ó létí, wọ́n á sì lẹ díńgí kékeré mọ́ ọn láàárín. Díńgí! Lára bísíkíìtì! UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní 2010. Àwọn ọkùnrin nìkan ló ń jogún rẹ̀ tẹ́lẹ̀, obìnrin ti wà níbẹ̀ báyìí.

Ní Bergen, ní Norway, odidi ìlú ni wọ́n ń fi bísíkíìtì atalẹ̀ kọ́ lọ́dọọdún láti 1991. Ilé, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ń kọ́, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń kọ́. Áísìn ni sìmẹ́ńtì wọn. Ní 2009, ẹnìkan wọlé ó fọ́ ìlú náà túútúú. Kí ni àwọn ará Bergen ṣe? Wọ́n padà sídìí ààrò, wọ́n sì tún un kọ́!

O rò pé ìyẹn ló tóbi jù? Tẹ̀lé mi lọ sí Bryan, ní Texas.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2013, wọ́n kọ́ ilé bísíkíìtì atalẹ̀ kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè wọ̀. Kì í ṣe ilé orí tábìlì o. Ilé tó ní ilẹ̀kùn, tí o máa gba ẹnu rẹ̀ kọjá! Ó gùn tó mítà 18. Wọ́n fi kó owó jọ fún ibi ìtọ́jú àwọn tó fara pa ní ilé ìwòsàn kan, ìwé Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí irú rẹ̀ rí.

Bọ́tà tó wọnú rẹ̀ ju kílò 800 lọ. Ìyẹ̀fun ju kílò 3,200 lọ. Ẹyin jẹ́ 7,200.

Kálórì tó wà lára ògiri àti òrùlé ilé náà? Mílíọ̀nù 35.8!