Kí Ẹ Tó Pe Bíríkìlà sí Ilé Ìdáná Yín

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ títún ilé ìdáná ṣe ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, "Kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú iṣẹ́ bíríkìlà?" Ó kàn mí púpọ̀. Nínú àwọn tí à ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ pé inú ilé ìdáná ni ìyà wọn ti bẹ̀rẹ̀: ọmọ tí omi gbígbóná dà sí lára, ìyá tí èéfín ti ba àyà rẹ̀ jẹ́, àti gbogbo ará ilé kan tí ìgbẹ́ gbuuru dá dúbúlẹ̀ nítorí pé ọbẹ tí wọ́n fi gé ẹran tútù ni wọ́n tún fi gé èso.

Ní ọdún tó kọjá, èmi àti ọkọ mi pinnu láti tún ilé ìdáná wa ṣe. Ilé àtijọ́ ni ilé wa. Bàbá ọkọ mi ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé ìdáná náà ṣókùnkùn, fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní, èéfín sì ti kun ògiri rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Owó tí a tọ́jú kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ti wà lára òkúta dídán tí mo rí nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Òun ni mo fẹ́ fi ṣe pẹpẹ, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní síláàbù. Mo ti ń rò ó bí àlejò yóò ti wọlé tí yóò sì wí pé, "Nọ́ọ̀sì, ilé ìdáná yín mà dára o!"

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sáré gbé ọmọ ọdún méjì kan wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé omi àmàlà ka orí sítóòfù nílẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà tí ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà ń sáré tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kọ lu ìkòkò, omi náà sì bó o láti àyà dé itan. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti fọ́ ẹyin tútù sí ojú egbò náà. A ṣe èyí tí a lè ṣe, a sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n àpá náà yóò bá a dàgbà.

Nígbà tí mo délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìwé tí a ya ètò ilé ìdáná wa sí. Ẹ̀rù bà mí. Ibi tí mo ní kí wọ́n gbé iná sí, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé gan-an ni, ní ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa ń gbà sáré. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́, èmi tí mo ń kìlọ̀ fún ẹlòmíràn! Òkúta dídán ni mo ń wò, n kò wo ọ̀nà iná.

Ní òwúrọ̀, mo sọ fún bàbá tí ó fẹ́ bá wa ṣe iṣẹ́ náà pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé owó ti tán ni?"

Mo ní, "Owó kò tán, Bàbá. Ọgbọ́n ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

ÀYÈ INÁ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÁ

Àwọn àgbà wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí ẹ tó ronú ohunkóhun mìíràn, ẹ wá ibi tí iná yóò wà. Kí ó má ṣe wà nílẹ̀. Kí ó má ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tàbí lábẹ́ fèrèsé tí aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú rẹ̀. Igun tí ẹnikẹ́ni kò ní í gbà kọjá ni ó yẹ ẹ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lórí pẹpẹ ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀, kí ẹni tí ó bá sọ ìkòkò gbígbóná lè rí ibi gbé e kà láìrìn jìnnà.

Bí ó bá jẹ́ gáàsì ni ẹ ń lò, ìta ni kí sílíńdà wà, kí ó dúró ṣánṣán lábẹ́ ìbòòji, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni ó máa ń rọ̀ sí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà dá ihò afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, kí ó sì dá òmíràn sí òkè fún ooru àti èéfín. Ẹ máa fi ìfófó ọṣẹ pa ojú ibi tí rọ́bà gáàsì ti so mọ́ sílíńdà. Bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì nínú ilé, ẹ má ṣá iná, ẹ má sì fọwọ́ kan iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ ti sílíńdà pa, kí ẹ sì jáde.

Ọ̀rọ̀ èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ó tó mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn tí èéfín ìdáná inú ilé ṣe okùnfà ikú wọn ní gbogbo ayé, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ju 237,000 lọ nínú wọn. Ó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹni tí ó ń dá iná èédú nínú yàrá tí a sé mọ́ra kò bọ́ níbẹ̀ o: afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ojú kò sì rí i, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn sàn ju fèrèsé ńlá kan lọ, nítorí afẹ́fẹ́ a gba ọ̀kan wọlé, a gba èkejì jáde.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọn kò sì fẹ́ràn gáàsì rárá. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, igi ni mo fi dáná tọ́ ọkọ rẹ dàgbà."

Mo ní, "Òtítọ́ ni, Màmá. Ikọ́ tí ẹ ń wú lóru ńkọ́?"

Wọn kò fèsì. A kò gba ààrò lọ́wọ́ wọn. A gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé, a fi páànù bò ó lókè, a sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún afẹ́fẹ́. A mọ ààrò náà ga dé orúnkún, kí wọ́n lè máa jókòó lórí àga dípò kí wọ́n máa tẹ̀ lórí àpótí. Iná igi ṣì ń jó nílé wa nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò jó nínú ilé mọ́.

Ẹ FI ÈÉDÚ YA Á SÍLẸ̀, KÍ Ẹ RÌN ÍN WÒ

Ní ọdún 1926, obìnrin ilẹ̀ Austria kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé, Margarete Schütte-Lihotzky, ṣe ètò ilé ìdáná kan fún àwọn ilé tuntun tí ìlú Frankfurt ń kọ́ ní Jámánì. Ilé ìdáná náà kéré: mítà 1.9 ní ìbú, mítà 3.4 ní gígùn, bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 11. Ṣùgbọ́n a ti ka ìgbésẹ̀ obìnrin tí yóò wà níbẹ̀ kí a tó gbé ohun kan sí ipò rẹ̀, kí ó má baà máa rìn lásán. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́.

Kò di dandan kí a ṣe é bíi tiwọn; ilé ìdáná Frankfurt kò mọ odó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà wúlò. Èmi àti ọmọbìnrin mi fi èédú ya pẹpẹ, iná àti ibi ìfọ-nǹkan sí ilẹ̀, a sì ṣe bí ẹni tí ń se ẹ̀fọ́. Ní àkọ́kọ́, ìgbà mọ́kànlá ni mo fi omi kọjá níwájú iná! A pa á rẹ́, a tún un yà. Ètò tí ó dára jù lọ ni èyí tí ó tẹ̀lé ìrìn oúnjẹ fúnra rẹ̀: ibi tí a ti ń gbé ẹrù ọjà kalẹ̀, ibi tí a ti ń fọ̀ ọ́, ibi tí a ti ń gé e, iná, àti níkẹyìn ibi tí a ti ń bu oúnjẹ. Báyìí ni ẹran àti ẹja tútù kò ní í pàdé oúnjẹ tí ó ti jinná. Ẹ ní ọbẹ àti pákó ìgé-nǹkan méjì: ọ̀kan fún ẹran tútù, ọ̀kan fún ohun tí a kò ní í sè mọ́.

PẸPẸ: GÍGA RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ A Ó FI ṢE É

Obìnrin tí ń bẹ̀rẹ̀ gé nǹkan ní wákàtí méjì lójúmọ́ yóò sanwó rẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ tó da síláàbù, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ ká apá yín, kí ẹ sì wọn ìgúnpá yín sí ilẹ̀. Kí pẹpẹ rẹlẹ̀ sí i ní ínṣì 4 sí 6. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí ó dín díẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Ìbú ẹsẹ̀ bàtà 2 tó. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ kò ní í tó ògiri, ìdọ̀tí yóò sì jókòó síbẹ̀.

Ní ti ohun tí a ó fi ṣe é: pákó kò ná ènìyàn lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀, yóò wú, yóò sì jẹrà. Táìlì dára bí àlàfo àárín rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì kún dáadáa. Bí kò bá kún, ọ̀rá àti aáyán yóò fi ṣe ilé. Gíránáìtì le, kò bẹ̀rù ìkòkò gbígbóná, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Mábù lẹ́wà lójú, àmọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan a máa jẹ ẹ́ lójú. Èyí tí a ṣe nílé wa ni síláàbù sìmẹ́ǹtì tí ó ní rọ́ọ̀dù nínú, tí a da tẹ̀rásò sí lójú tí a sì fi ẹ̀rọ dán. Ohun tí mo ń wá lára pẹpẹ kò ju mẹ́ta lọ: kí ó dán, kí ó má sán, kí ó má mu omi.

Odó kì í ṣe ẹrù orí táìlì o. Ẹ fi ibi kan sílẹ̀ fún un lórí kọnkéré tí ó nípọn, kí iyán gígún má baà fọ́ ilé yín.

Ẹ má fojú kéré ilẹ̀ pẹ̀lú. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọ̀ọ̀ni Lúwo, obìnrin tí ó jọba ní ìlú yìí, ni ó ní kí a fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà kí ẹrẹ̀ má baà kan ẹsẹ̀ òun. Bí ayaba bá lè ronú nípa ilẹ̀ gbogbo ìlú, ó yẹ kí àwa náà ronú nípa ilẹ̀ ilé ìdáná kan. Kí ó má ṣe yọ̀ bí omi bá dà sí i, kí ó sì dà díẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí omi yóò gbà jáde.

Ẹ dí gbogbo ihò eku, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Gàrí àti èlùbọ́ kò gbọdọ̀ wà láìní ìdérí. Láti ọdún 1969 ni a ti mọ ibà Lassa, eku ni ó sì máa ń gbé e wọ inú ilé; Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ó bá wa pààlà wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jù lọ.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ

Ẹ tẹ̀lé e báyìí:
1. Ẹ gbé iná kúrò nílẹ̀ àti lójú ọ̀nà.
2. Ẹ dá fèrèsé tàbí ihò afẹ́fẹ́ kún èyí tí ó wà.
3. Ẹ wá ọ̀nà fún omi ìfọwọ́ àti omi ìdọ̀tí.
4. Ẹ ṣe pẹpẹ tí ó bá gíga yín mu.
5. Ẹ̀ṣọ́ ni kí ó kẹ́yìn.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá sì jó ènìyàn, ẹ bọ́ aṣọ ibẹ̀ bí kò bá tíì lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ jẹ́ kí omi tútù tí ó mọ́ máa ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé e wá bá wa. Ẹ má fi ẹyin sí i. Ẹ má fi epo, iyọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá ọmọ ọdún méjì nì gbé e wá kí a wo àpá rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ọkọ òun ti fi búlọ́ọ̀kù mọ pẹpẹ kékeré kan sí igun ilé, orí rẹ̀ ni sítóòfù wà báyìí. Kò sí òkúta dídán níbẹ̀, àlejò kò sì ní í yìn ín. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń sáré kọjá, iná sì wà ní ipò tirẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí iná ilé jó wa o.