Ohun Tí Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan Ń Fi Hàn

Nígbà tí ara ọmọ bá gbóná, tí a sì gbé e dé ilé ìwòsàn, inú ọ̀pọ̀ ìyá kì í dùn sí abẹ́rẹ́ tí a fi ń gún ọmọ náà ní orí ìka. “Ibà ṣáà ni, kí ni wọ́n tún ń wá nínú ẹ̀jẹ̀?” Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀.

Bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn ohun alààyè tíntìntín tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kì í jẹun, kì í sì í kú. Sẹ́ẹ̀lì a máa ṣe méjèèjì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa, tí ń gbé atẹ́gùn tí a mí sínú káàkiri ara. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá to 100 nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò ní gùn tó mìlímítà kan.

Ojú lásán kò lè rí i. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi ń lo maikirosikóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Yóò fa ẹ̀jẹ̀ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, yóò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò sì rẹ ẹ́ ní aró kan tí a ń pè ní Giemsa. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí a bá ní kí ẹ dúró díẹ̀, iṣẹ́ yìí kò ṣeé fi ìkánjú ṣe.) Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e sábẹ́ awò tí ń mú un tóbi ní ìlọ́po 1,000.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti dàgbà kò ní kóro nínú. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá rí òrùka kékeré aláwọ̀ aró tí ó ní àmì pupa bíńtín lára nínú rẹ̀, ó mọ̀ pé àlejò ti wọlé. Kòkòrò ibà nìyẹn, èyí tí ẹ̀fọn gbé wọ ara. Dókítà Alphonse Laveran, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan ní ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà ní ọdún 1880. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà a máa jẹ ohun inú sẹ́ẹ̀lì, a sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ méjì, sẹ́ẹ̀lì náà yóò bẹ́, àwọn ọmọ kòkòrò yóò sì tú jáde lọ wọ òmíràn. Bíbẹ́ yìí ni ó ń mú kí ara gbóná, kí òtútù sì máa mú ọmọ. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ti dín kù púpọ̀, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò funfun.

Nígbà mìíràn, òṣìṣẹ́ kò ní rí kòkòrò kankan. Òtútù àyà náà a máa mú ara ọmọ gbóná, oògùn ibà kò sì lè wò ó. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí a sì ń fún un ní oògùn ibà nílé fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta náà ni a fi ṣòfò.

Bí ẹ bá ti fún ọmọ ní oògùn ibà tàbí àgbo kí ẹ tó dé, ẹ sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ láìtijú. Oògùn tí a lò láìparí lè dín kòkòrò kù tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní rí wọn, síbẹ̀ kí wọ́n ṣì wà nínú ara. Wọ́n lè ní kí ẹ padà wá ní ọjọ́ kejì fún àyẹ̀wò mìíràn. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú ọmọ náà, tí kò lè mu ọmú, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́. Òru náà ni kí ẹ gbé e padà.