Ta ló ń pín ìsọ̀ lójú kọ̀ǹpútà?

Ẹni tó bá ti ná ọjà Àpòmù rí mọ̀ pé bí kò bá sí ẹni tó ń pín ìsọ̀, aláṣọ yóò tẹ́ ọjà rẹ̀ lé ti elélùbọ́ lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú kọ̀ǹpútà rí. Ètò tó ń pín àyè níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní window manager.

Lórí Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, ọ̀dọ́ Ararọ̀mí-Òwu tó bá gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ C lè kọ tirẹ̀. Kò sí owó ìwé àṣẹ. TinyWM, tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́, kò ju nǹkan bí ìlà 50 lọ.

Ṣùgbọ́n ọba méjì kì í gbé ààfin kan. X, tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, kì í gba olùpínsọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, Xephyr ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣí ojú kékeré sínú ńlá, bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú ọmọ kòkó ní nọ́sìrì kó tó lọ sóko.

Irú ètò kékeré báyìí kì í gba agbára púpọ̀. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ gbé dànù tún lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá ọmọ yín nídìí rẹ̀, ẹ má pè é léré.