Ààrẹ tó gbà láti lọ

Ọmọ Kétu ni mí, abẹ́ ìjọba Mathieu Kérékou ni mo sì ti kàwé. Ológun tó fipá gbàjọba ní 1972 ni. Òun ló sọ Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Kí ọdún 1989 tó parí, báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn olùkọ́ sì ń ṣiṣẹ́ oṣù lórí oṣù láìrówó gbà.

Ohun tó jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún un títí dòní nìyí. Ní oṣù Kejì ọdún 1990, ó fàyè gba àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. Isidore de Souza, bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ló darí rẹ̀. Àpérò náà gba agbára lọ́wọ́ ààrẹ. Ọmọ ogun wà lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ kò yìnbọn, ó gbà. Nicéphore Soglo borí rẹ̀ nínú ìbò 1991. Ní 1996, àwa ará ìlú kan náà tún dìbò yan Kérékou padà! Nígbà tí sáà rẹ̀ pé ní 2006, kò fọwọ́ kan òfin, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Soglo ńkọ́? Ní 2003, ààrẹ àná yìí di mẹ́yọ̀ Kútọnu, ó ń bójú tó gọ́tà àti ọjà. Ó wà níbẹ̀ títí di 2015.