Kí A Tó Ki Ẹ̀rọ Bọ Ọ̀nà Òróòro: Àwòrán Wo Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Yà?

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ti ń dùn ún, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú. Wọ́n ní ibà pọ́njú ni, wọ́n fún un ní àgbo, kò lọ. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, ultrasound fi hàn pé òkúta wà nínú àpò òróòro, ọ̀nà òróòro sì ti fẹ̀ tó 9 mm, ṣùgbọ́n wọn ò rí òkúta kankan nínú ọ̀nà náà. Ṣé ká gbé e lọ fún ERCP ni, àbí ká tún ya àwòrán mìíràn? Ìbéèrè yìí kò yọ àwa tó ń kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán inú ara sílẹ̀.

Ibi tí òkúta ń há sí

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, àpò òróòro ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀nà tóóró kan sì ń gbé e lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Ọ̀nà yìí kì í sábà fẹ̀ ju 6 mm lọ, àmọ́ ó máa ń fẹ̀ sí i bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ àpò òróòro. Bí òkúta bá já bọ́ láti inú àpò tó sì há síbẹ̀, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú. Bí kòkòrò àìsàn bá tún wọ ibi tó dí náà, ibà àti òtútù á dé, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń tètè ní òkúta yìí. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń fọ́ ní kíákíá, bilirubin tó ń ti ibẹ̀ jáde ń pọ̀ nínú òróòro, ó sì ń dì di òkúta.

ERCP: ìtọ́jú ni, kì í ṣe ìwákiri

Nínú ERCP, dókítà á ki endoscope láti ẹnu dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, á ti páìpù tín-ínrín bọ ẹnu ọ̀nà òróòro, á fi oògùn tó ń hàn lábẹ́ X-ray sínú rẹ̀. Ọdún 1968 ni William McCune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀. Ní 1974, àwọn dókítà ní Jámánì àti Japan ròyìn bí wọ́n ṣe la ẹnu ọ̀nà náà láti inú endoscope kí òkúta lè jáde. Nígbà yẹn, òun náà ni wọ́n fi ń wá òkúta.

Nǹkan ti yí padà. Nínú èèyàn 100 tí wọ́n bá ṣe é fún, nǹkan bíi 3 sí 10 ni pancreas wọn máa ń wú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, ìfun sì lè lu. Fún ẹni tí òkúta há sí lára, ó tọ́ kó fara mọ́ ewu yẹn. Ẹni tí kò ní òkúta ńkọ́? Ìyà ọ̀fẹ́ ló jẹ.

Àwọn àwòrán tó yẹ kó ṣáájú

Ultrasound orí ikùn: kò wọ́n, kò ní ìtànṣán, ó sì dára gan-an fún àpò òróòro. Àmọ́ afẹ́fẹ́ inú ìfun máa ń bo ìsàlẹ̀ ọ̀nà òróòro, ibẹ̀ gan-an sì ni òkúta sábà máa ń há sí. Tí ìwé àbájáde bá ní "a kò rí òkúta", ẹ má kà á sí "kò sí òkúta".

CT: ó wúlò tí a bá ń fura sí jẹjẹrẹ tàbí pé pancreas ti wú. Òkúta tí kálísíọ́mù wà nínú rẹ̀ máa ń hàn, bíi ọ̀pọ̀ òkúta àwọn SS. Èyí tó jẹ́ kìkì kọlẹ́sítẹ́róòlù lè fara pamọ́ sínú òróòro. CT sì ní ìtànṣán.

MRCP: MRI ni. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ ló ń funfun nínú rẹ̀, nítorí náà òróòro á funfun, òkúta á sì dúdú láàárín rẹ̀. Kò nílò abẹ́rẹ́ oògùn, kò ní ìtànṣán. Òkúta tí kò tó 5 mm lè bọ́ mọ́ ọn lójú, afẹ́fẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì sì lè jọ òkúta.

EUS: orí endoscope ni ultrasound rẹ̀ wà. Láti inú ìfun ló ti ń wo ọ̀nà òróòro nítòsí, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń dí i lọ́wọ́. Ó ń rí òkúta kékeré ju MRCP lọ. Tó bá rí i, wọ́n lè ṣe ERCP lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nílò oògùn oorun àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in.

Ká padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa

Ìlànà ASGE ti ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà endoscopy ní Amẹ́ríkà, sọ ẹni tó lè lọ tààrà fún ERCP: ẹni tí àwòrán ti fi òkúta hàn nínú ọ̀nà òróòro rẹ̀, ẹni tí kòkòrò àìsàn ti wọ ọ̀nà náà, tàbí ẹni tí bilirubin rẹ̀ ju 4 mg/dL lọ tí ọ̀nà náà sì fẹ̀. Ẹni tí àmì rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, MRCP tàbí EUS ló kàn.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Ojú SS lè pọ́n láìsí òkúta kankan lọ́nà òróòro, torí sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ nìkan lè gbé bilirubin sókè. Ká tó gba nọ́ńbà yẹn gbọ́, ó yẹ ká béèrè èyí tó jẹ́ direct nínú rẹ̀, torí òun ló ń pọ̀ tí ọ̀nà bá dí. Bí ọmọbìnrin wa kò bá ní ibà, tí direct kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga, MRCP ló yẹ kó ṣáájú. Bí ibà àti òtútù bá ti wọlé, kí ẹnikẹ́ni má fi àwòrán dá a dúró.

Iṣẹ́ tiwa

Wọ́n máa ń ní kí aláìsàn má jẹ, kó má sì mu fún wákàtí mélòó kan kó tó ṣe MRCP. Òùngbẹ kò dára fún SS, nítorí náà ẹ fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀. Nínú yàrá ERCP, ẹ rán wọn létí kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù kí oògùn tó wọlé, torí èéfọ́ afẹ́fẹ́ máa ń jọ òkúta. Oògùn tó bá ki jù lè bo òkúta kékeré mọ́lẹ̀. Ẹ fún ojú ibi tí ìtànṣán ń bà mọ́ra, ẹ lo pulse dípò kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ sì ya àwòrán ìkẹyìn kó lè dájú pé kò sí òkúta tó ṣẹ́ kù.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwòrán tí a yà dáadáa lónìí lè gba ẹnì kan lọ́wọ́ ERCP tí kò nílò, ó sì lè mú kí ẹni tó nílò rẹ̀ tètè rí i ṣe.