Bí Àrùn Ṣe Ń Ran Ẹja Tí Wọ́n Ń Sìn Lójú Òkun, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Ká A Lọ́wọ́ Kò

Ọ̀rọ̀ ẹja ni a mú wá lọ́dún yìí. Kì í ṣe ẹja odò wa, bí kò ṣe ẹja kan tí wọ́n ń pè ní sámọ́nì, tí wọ́n ń sìn nínú òkun tútù ní ilẹ̀ Nọ́wè, Ṣílè, Skọ́tílándì àti erékùṣù Faroe. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé omi ló ń gbé àrùn ẹja dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló sábà máa ń gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Ọwọ́ yìí kan náà ló sì lè dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sìn ín. Inú omi aláìníyọ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹyin rẹ̀. Bí ọmọ ẹja bá dàgbà díẹ̀, wọn a kó o sínú ọgbà àwọ̀n ńlá tó léfòó lójú òkun, níbi tí yóò ti máa jẹun títí yóò fi tó pa. Ní Nọ́wè, òfin kò gbà kí ẹja inú ọgbà kan ju 200,000 lọ. Àwọ̀n yìí ń dá ẹja dúró, kò dá omi dúró. Omi tó wọlé lápá òsì yóò jáde lápá ọ̀tún, tòun ti ohunkóhun tó bá gbé.

Àwa olùkọ́ mọ bí àrùn ṣe ń ràn níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Bí Àpólò bá mú ojú ọmọ kan ní Àtìnì, kí ó tó di Jímọ̀, ojú ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti pọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹja. Kòkòrò àrùn ń bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja tó ń ṣàìsàn jáde sínú omi, ẹja tó wà nítòsí yóò sì mí in sínú. Yàtọ̀ sí omi, ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà. Èkíní ni ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹja láàyè láti oko kan sí òmíràn. Èkejì ni àwọ̀n, bàtà àti irinṣẹ́ tí wọn kò fọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹyin tàbí ọmọ ẹja tí wọ́n rà láti ibi tí àrùn wà.

Àrùn kan wà tó ń ba ẹ̀jẹ̀ sámọ́nì jẹ́. Kòkòrò tó ń fà á jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa àìsàn flú lára ènìyàn, ṣùgbọ́n òun kì í mú ènìyàn. Ibi tí ẹja fi ń mí yóò funfun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò dúdú, omi yóò kún inú rẹ̀. Nọ́wè ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1984. Ó dé Skọ́tílándì ní 1998, ó dé Faroe ní 2000, ó sì bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣílè ní 2007. Oko ti sún mọ́ra jù ní Ṣílè, ẹja sì pọ̀ jù. Sámọ́nì tí wọ́n ń kó jáde nínú òkun ibẹ̀ ju 350,000 tọ́ọ̀nù lọ ní 2006, ṣùgbọ́n ní 2010 kò tó 150,000 mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ rí i pé àìsàn ẹja di ebi nínú ilé ènìyàn.

Kí wá ni àtúnṣe? Àrùn kan tó ń sọ eéwo sára ẹja kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Ní 1985, ó bá ọmọ ẹja láti Skọ́tílándì wọ Nọ́wè. Wọ́n da oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ ẹja títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 tọ́ọ̀nù ní 1987. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dé. Wọn a kun ọmọ ẹja lóorun, wọn a sì gún un nínú kí ó tó lọ sókun. Lónìí, sámọ́nì Nọ́wè ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún, oògùn náà kò sì tó tọ́ọ̀nù kan.

Ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò kò ran àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a sọ ṣáájú. Ìmọ́tótó àti ìyàsọ́tọ̀ ni wọ́n fi ń bá a jà, báyìí:

1. Wọ́n ń fi oògùn ayodíìnì fọ ẹyin ẹja.
2. Ẹja ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n ń kó sí oko kan. Wọn a kó gbogbo rẹ̀ jáde pọ̀, oko yóò sì ṣófo. Ní Nọ́wè, kò gbọdọ̀ dín ní oṣù méjì, kí kòkòrò tó kù lè kú fún àìrí ẹja gbé.
3. Wọ́n ń fọ ọkọ̀ àti irinṣẹ́ kí wọ́n tó kúrò ní oko kan sí òmíràn.
4. Wọ́n ń kó òkú ẹja kúrò nínú omi lójoojúmọ́.
5. Bí àrùn bá yọjú, wọn kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ìjọba yóò gbọ́, wọn a sì kó ẹja ibẹ̀ kúrò.

Kòkòrò kan tún wà tó ń lẹ̀ mọ́ awọ ẹja bí iná ṣe ń lẹ̀ mọ́ orí ọmọdé. Òun náà ń bá omi ràn, ó sì ti mọ́ oògùn lára. Ní Nọ́wè, abo àgbà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ lórí ẹja méjì.

Faroe gba irú ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n yí òfin wọn padà ní 2003, gbogbo ẹni tó ń sin ẹja níbẹ̀ ló sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tún sọjí. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Ẹni tó fọ ọkọ̀ tirẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ kò fọ tirẹ̀, kò tíì bọ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀, ẹ fọ àwọ̀n yín kí ẹ tó yá ẹlòmíràn. Ẹ má sì da ẹja tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà pọ̀ mọ́ èyí tó wà nílé kí ẹ tó mọ̀ pé ara rẹ̀ le.