Nígbà tí Ọmọ Wa Bá Ń Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba: Ìwé Ìlàlóye fún Òbí Yorùbá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àlejò lójú, kò fi ríran, ni àwọn àgbà wí. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí, kí òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún ìgbà àkọ́kọ́ lè mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ lé. Nínú gbogbo ohun tí ó ń dá àwọn òbí wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ìbẹ̀rù méjì ni ó wúwo jù: ìbẹ̀rù pé ìwé ìgbélùú wọn lè kó bá ọmọ, àti ìbẹ̀rù pé èdè Yorùbá tí ọmọ ń sọ yóò fà á sẹ́yìn. Méjèèjì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ìbáà ṣe ọmọ àjèjì, ìbáà ṣe ọmọ onílẹ̀. Òfin fi dandan lé e pé ọmọ tí ó bá pé ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ máa kẹ́kọ̀ọ́ láti sáà tí ó tẹ̀lé ọjọ́ ìbí rẹ̀ náà, kò sì yọ ọmọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí irú físà tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ kọ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, nítorí orílẹ̀-èdè tí ó ti wá tàbí nítorí àṣẹ ìgbélùú. Lóòótọ́, ní 2016, ìjọba ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa béèrè orílẹ̀-èdè ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ibi tí a ti bí i, ìdààmú sì bá ọ̀pọ̀ òbí. Ṣùgbọ́n ní 2018 ni wọ́n ti yọ ìbéèrè náà kúrò, ẹni tí ó bá sì ń fi ìtàn ìgbà náà dẹ́rù bà yín lónìí, ọ̀rọ̀ àná ni ó ń sọ. Ẹ̀rí tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ, èyí tí ó kúkúrú tó, àti ẹ̀rí pé ibi tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù ni ẹ ń gbé. Wọn kò gbọdọ̀ béèrè ìwé ìgbéyàwó yín tàbí iye owó tí ó ń wọlé fún yín kí wọ́n tó fún ọmọ láyè.

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ọmọ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́rin nígbà tí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ bá fi pé lè wọ kíláàsì àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Reception, nínú oṣù kẹsàn-án tí ó tẹ̀lé e. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń gbé lábẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí káńsù, ni ẹ ó kọ̀wé sí, fọ́ọ̀mù náà sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kó tó kọjá ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún tí ọmọ yóò wọlé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà. Níbòmíràn, ó kéré tán, mẹ́ta. Ẹ má ṣe kọ ẹyọ kan ṣoṣo nítorí pé òun ni ọkàn yín fẹ́, nítorí bí àyè kò bá sí níbẹ̀, ibi tí ó bá ṣẹ́ kù ni wọn yóò fún ọmọ, ó sì lè jìnnà sí ilé. Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, tàbí ọjọ́ iṣẹ́ tí ó bá tẹ̀lé e, ni èsì ń jáde. Àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ni a ń fi ṣíwájú. Lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ a máa wo ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn a sì wo bí ilé ọmọ ti súnmọ́ wọn tó. Nítorí náà, ẹ má yá àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n tàbí ti ọ̀rẹ́ lò: bí àṣírí bá tú, wọ́n lè gba àyè náà padà, kódà bí ọmọ bá ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé àárín ọdún ni ẹ dé, káńsù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, wọn yóò sì fi ọ̀nà hàn yín. Bí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ bá kọ̀ yín, ẹ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níwájú ìgbìmọ̀ olómìnira láìsan kọ́bọ̀, bí ó tilẹ̀ ṣòro kí òbí ọmọ kékeré jàre, nítorí òfin kò fẹ́ kí ọmọ ju 30 lọ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èdè, èyí tí ó jẹ wá lógún jù lọ. Àwọn òbí kan wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ bá dé ni wọ́n ń fòfin de Yorùbá nínú ilé, tí ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu á wá máa fi ìwọ̀nba tí ó mọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀, títí tí gbogbo ohun tí ìyá àti ọmọ ń bá ara wọn sọ á fi di wá, jókòó, jẹun. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọmọ tí ó ti lè ka oókan dé ogún ní Yorùbá, tí ó lè pa àlọ́ ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó sì mọ̀ pé ohun kan ni ó fa òmíràn, ti ní ìmọ̀ tí olùkọ́ ń wá. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe nǹkan wọ̀nyí ni ó kù kí ó kọ́, yóò sì kọ́ ọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé, ẹ kọ Yorùbá gàdàgbà. Ọmọ lè dákẹ́ ní kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní fún oṣù bíi mélòó kan. Gbígbọ́ ni ó ń gbọ́, ẹ má fi ipá lé ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, olùkọ́ yóò bi í ní ìbéèrè kéékèèké nípa ọ̀rọ̀ àti ìṣirò. Kò sí yíyege, kò sí fífìdírẹmi nínú rẹ̀. Bí ó bá sì mú ìwé kíkà wálé, ẹ jọ wo àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní Yorùbá pé kí ni ajá yìí ń wá lábẹ́ tábìlì. Kí ó tó jáde ní òwúrọ̀, ẹ kì í: Àjíkẹ́ ni, Àkànní ni, ọmọ Oníkòyí ni, ọmọ Ọ̀pómúléró ni, ẹ kì í délẹ̀ kí orí rẹ̀ wú, nítorí kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ọ̀nà tí yóò gbà kọjá tí yóò kì í.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ pe orúkọ náà sétí olùkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí yóò fi mọ̀ ọ́n pè. Kì í ṣe àfojúdi, olùkọ́ rere a sì dúpẹ́. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí àgbà ń bá a wí, ọ̀wọ̀ ni ó ń fún un, kí ó má baà rò pé kò fetí sílẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣòro fún yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè wá ògbufọ̀, ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ àgbà.

Ní ti ìbáwí, láti 1987 ni òfin ti gba pàṣán lọ́wọ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Olùkọ́ tí ó bá rí ojú ẹgba lára ọmọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi tó àwọn tí ń dáàbò bo ọmọdé létí. Kì í ṣe pé ó kórìíra yín. A kò ní kí ẹ má bá ọmọ wí, bí ọwọ́ òsì bá bá ọmọ wí, ọ̀tún a sì fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu bá a wí, ẹ gba ohun tí ó fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ fi ẹgba sílẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Reception àti kíláàsì méjì tí ó tẹ̀lé e; ẹ sọ ohun tí ọmọ kì í jẹ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí aṣọ òtútù rẹ̀.

Ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi ìrìn-àjò sílé sí. Ọmọ tí ó ti wà ní ọjọ́ orí tí òfin ti sọ ẹ̀kọ́ di dandan, tí ó bá pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láìgba àyè, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ilé-ẹ̀kọ́, lè mú kí òbí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan san £80, èyí tí í di £160 bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsan án. Bí ìsìnkú òbí tàbí ọ̀ràn ńlá mìíràn bá pè yín sílé, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí ọmọ yóò padà, kí ẹ sì dúró gba èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀.